Ọmọ Tí Wọ́n Fi Lé Yín Lọ́wọ́

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lẹ́sẹ̀ yín, Ìyá mi. Ó ń ràn lórí àdí tí mo fi ń pa wọ́n, ẹsẹ̀ tó ti rìn láti ilé baba yín dé ilé ọkọ, láti ilé dé odò, láti odò dé oko. Mo kúnlẹ̀, mo ń rọra pa wọ́n. Ọyẹ́ ti mú kí gìgísẹ̀ yín là.

Ẹ ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ìrántí ń bọ́ lọ́wọ́ yín bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Lánàá ẹ gbàgbé orúkọ àbúrò mi, lónìí ẹ bèèrè ọ̀nà yàrá yín.

Orúkọ tèmi nìkan ni kò tíì bọ́. Ìyá mi lẹ máa ń pè mí, torí Yétúndé ni mí. Ìyá ọkọ yín kò tíì pé ọdún kan nílẹ̀ tí ẹ fi bí mi, gbogbo ilé sì gbà pé òun ló padà wá. Ta ni yóò na ìyá ọkọ rẹ̀? Mo fọ́ agbè epo, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ gbálẹ̀. Mo jí ẹran jẹ nínú ìkòkò, ẹ ní ìyá ló jẹun nílé ọmọ rẹ̀. Gbọ́yèga àbúrò mi jí tirẹ̀ jẹ, pàṣán ló bá a sọ̀rọ̀. Mo gbádùn oyè yẹn o! N kò mọ̀ pé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Mo ń rí yín nídìí òfì, ẹ ń hun kíjìpá. Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀, orin ń tẹ̀ lé ọwọ́. Ọkọ kú, ẹ hun ún. Ojú di bàìbàì, ẹ fọwọ́ wá òwú, ẹ hun ún. Owó kíjìpá yẹn ni mo fi kàwé.

Lójijì, ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ wo èjí mi tí mo jogún lọ́dọ̀ ìyá ọkọ yín, ẹ wo irun mi tó ti funfun, ojú yín yí padà, ó di ojú ìyàwó tuntun. Ìyá ọkọ kì í kúnlẹ̀ fi àdí pa ìyàwó lẹ́sẹ̀. Kí n tó nawọ́, ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, orúnkún tí kò ṣe é ká láti ọdún méjì ti kanlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ má bínú, Ìyá mi. Ọkọ mi kékeré tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ... Mo pọ̀n ọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò rí i dá dúró."

N kò gbọ́ ọ rí. Láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tí mo ti wà láyé, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé bàbá mi ní àbúrò kékeré kan. Díẹ̀díẹ̀ lẹ ń sọ ọ́: ọmọ ọdún mẹ́ta, ara gbígbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, oyún mi nínú yín, òun lẹ́yìn yín títí ó fi dákẹ́. Lábẹ́ gbogbo orin ìdí òfì yẹn, ọmọ yìí ló wà. Ó dùn mí pé ẹ dá nìkan gbé e.

Mo lè sọ pé ẹ ṣì mí mọ̀, pé èmi ọmọ yín ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá dá yín lóhùn, nígbà tó jẹ́ pé èmi lẹ ti ń dúró dè?

Mo gbé ọwọ́ lé orí yín, ọwọ́ ọmọ lórí ìyá tó bí i.

"Ó wà lọ́dọ̀ mi, ìyàwó mi. Àlàáfíà ló fi dé. O ṣeun, o tọ́jú ilé mi."

Ẹ sunkún, kò pẹ́. Ẹ gbójú sókè, ẹ rọra bèèrè:

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun."

"Ó yó?"

"Ó yó, ìyàwó mi. Ó ti jẹun, ó yó."