Ilé Márùndínlọ́gọ́rin Tí Débọ́lá Fi Ejò Sí

Àga mẹ́fà péré ló wà nínú ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ tí Débọ́lá pè mí ní òpùrọ́, àwa mẹ́rìndínlógún la sì wà níbẹ̀. Àwọn tó jókòó gbọ́, àwọn tó dúró gbọ́. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, nítorí náà àwọn tó ń lọ sí ọjà Ṣakí gbọ́ pẹ̀lú.

“Sodiqat,” ó ní, “abẹ́ igi wo lo jókòó sí tí o fi ń kọ òdo, òdo, òdo, bí ẹni ń to ẹyin adìẹ sínú agbọ̀n?”

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà wá fún kò ṣòro. Àjọ kan fẹ́ mọ iye ìgbà tí ejò bu èèyàn jẹ láàárín ọdún mẹ́ta ní àwọn abúlé ìhà Ofiki, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò kó abẹ́rẹ́ ejò sí. Àgọ́ Àyìn àti àwọn abà tó yí i ká ni wọ́n fún mi, ilé ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn ín. Mo bèèrè, wọ́n dáhùn, mo kọ. Dókítà Débọ́lá fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ fún wa pé ohun tí ẹnu bá sọ ni ká kọ, ká má fi tiwa kún un. Òun ni ọ̀gá ìṣirò. Àwa ń kó nọ́ńbà wá, òun ń sọ ohun tí nọ́ńbà wí.

“Ẹ wò ó,” ó sọ fún àwọn tó kù, ó ń fi bírò lu kọ̀ǹpútà rẹ̀. “Ẹ pín gbogbo ẹ̀ dọ́gba, ilé kan ò ní tó ẹyọ kan, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlànà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Poisson ní ilé mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án ló yẹ kó jẹ́ òdo. Ọmọbìnrin yìí mú igba ó lé mọ́kànléláàádọ́ta wá! Ilé kan á ní òdo, ilé kan á ní mọ́kànlá. Ìtúká wọn, bí wọ́n ṣe jìnnà síra, ju ìpíndọ́gba lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba. Jíjókòó-kọ ni.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” mo ní, “oríṣi méjì ni òdo yẹn. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ejò ò débẹ̀. Ọ̀kan sì wà tó jẹ́ pé ejò débẹ̀, ẹnu ni ò jẹ́ sọ ọ́. Wọn ò tíì jẹ iṣu tuntun nígbà tí ẹ rán mi lọ.”

“Iṣu?” Débọ́lá wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Ṣé iṣu ló ń bu èèyàn jẹ ni?”

Ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí wọ́n fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìjókòó.

Kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Àgọ́ Àyìn. Níbẹ̀, tí wọ́n bá ti kọ ebè, tí iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í ta, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ejò bu ará ilé òun jẹ, títí ilé náà yóò fi jẹ iṣu tuntun. Wọ́n ní bí o bá fi ẹnu kàn án, òmíràn á gbọ́, á sì wá wo ilé tí wọ́n ti ń pe òun. Ẹsẹ̀ aláìsàn lè wú bí òpó nínú yàrá, tí o bá bèèrè lẹ́nu ọ̀nà, “Ó tì o, kò sí rárá” ni wàá gbọ́. Èyí tó burú jù ni kí àlejò lọ wí i sí ilé tí kò wí nǹkan kan. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi ejò sí ilé onílé. Àfi kó fi ẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kó o kúrò. Èmi mọ̀ ọ́n, ìyá mi bí mi sí Ofiki. Ọmọ ìlú ńlá ni Débọ́lá, nínú oṣù Okúdù ló sì rán wa jáde, nígbà tí iṣu ṣì wà nínú ebè.

Kò lé mi lọ lásán. Ó kọ ìwé, ó buwọ́ lù ú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìjọba ìbílẹ̀: “Sodiqat Ládépò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òdo sí ilé igba ó lé mọ́kànléláàádọ́ta láìdé ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbà á síṣẹ́.” Oṣù mẹ́ta ni ìwé yẹn fi wà lára pátákó. Bí mo bá kọjá, wọ́n á ní, “Olódo ń lọ o!” Ìyá mi gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sílé. Ìyá mi tí kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Mo lọ já ìwé náà. Mo ká a, mo fi í sínú Kùránì mi, mo sì búra lé e lórí: orúkọ mi tí ó fi ẹnu bà jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹnu yẹn kan náà ni yóò fi tún un ṣe lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn kan ní kí n fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Mo ní Ọlọ́run ti fún mi ní ọwọ́ méjì, kí ló fẹ́ kí n fi wọ́n ṣe?

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ. Ṣùgbọ́n fóònù ò bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí. Mo kọ́ ìṣirò lórí rẹ̀, lọ́sàn-án nígbà tí kò bá sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Ọ̀rẹ́ mi Misturat, tó jẹ́ olùkọ́ ní Òkèhò, yá mi ní kọ̀ǹpútà kan tí bọ́tìnì rẹ̀ méjì ti yọ. Ohun tó kọ́kọ́ yé mi ni pé aṣọ oníwọ̀n kan ni Poisson. Ó ní bí àyà bá ṣe fẹ̀ tó ni ìbàdí gbọ́dọ̀ fẹ̀ mọ. Ta ni ìbàdí rẹ̀ gbọ́ràn bẹ́ẹ̀? Bí aṣọ ò bá wọ̀ ọ́, Débọ́lá á ní onítọ̀hún ló parọ́ ìbàdí rẹ̀.

Àwọn aṣọ mìíràn wà. Ọ̀kan gbà pé ìtúká lè ju ìpíndọ́gba lọ, torí ejò kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba: ilé Mákánjúọlá tó wà létí àkùrọ̀ ní mọ́kànlá, ilé orí àpáta kò ní nǹkan kan. Òmíràn tún fi àyè sílẹ̀ fún àpọ̀jù òdo. Ìbéèrè méjì ló máa ń bi ilé kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́: ṣé ilé yìí tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀? Ìkejì: bó bá lè sọ̀rọ̀, mélòó ni? Ọjọ́ tí mo rí èyí, mo pariwo, oníbàárà kan rò pé abẹ́rẹ́ gún mi.

Ẹ̀dà gbogbo fọ́ọ̀mù mi wà lọ́wọ́ mi, èyí tí pépà kábọ́ọ̀nù tẹ̀ sábẹ́. Mo pín àwọn ilé náà sí ọ̀nà méjì. Igba ó lé ọgbọ̀n ni mo dé kí wọ́n tó jẹ iṣu tuntun: igba ó lé méje nínú wọn ní òdo. Àádọ́rùn-ún ni mo dé lẹ́yìn iṣu tuntun: mẹ́rìnlélógójì péré ló ní òdo. Ìyá mi tí kò lọ sílé ìwé wò ó, ó ní, “Ẹnu ló ṣí.” Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà náà wí, àmọ́ ó pẹ́ kó tó wí tiẹ̀.

Mo sì tún rí nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá jókòó parọ́ iye kì í kọ mọ́kànlá. Ẹ̀rù á bà á. Á kọ ọ̀kan, á kọ òdo, á kọ méjì, kó lè jọ òótọ́. Òótọ́ ni kì í bìkítà bóun jọ òótọ́.

Ọdún kejì, ìwé ìwádìí Débọ́lá jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti dátà náà, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Mo ka òdo inú rẹ̀. Mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án! Iye tí Poisson bèèrè gan-an, kò lé, kò dín. Mo fi ẹ̀dà mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀. Ilé márùndínlọ́gọ́rin tí mo kọ òdo fún ti di ọ̀kan. Mọ́kànlá ilé Mákánjúọlá ti di méjì. Ó lé mi nítorí irọ́ tí mi ò pa, ó wá jókòó pa á fúnra rẹ̀.

Misturat ní kí n kọ lẹ́tà sí yunifásítì. Mo ní ó tì. Dúrọ́ọ̀ á gbé lẹ́tà mì, wọ́n á sì pa á mọ́ láàárín ara wọn. Débọ́lá ń bọ̀ wá ka àbájáde rẹ̀ fún Àgọ́ Àyìn nínú Okúdù. Okúdù tún ni! Àwọn kan kì í kọ́gbọ́n. Mo rán aṣọ tuntun fún ara mi.

Iwájú ilé Baálẹ̀ kún fọ́fọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Débọ́lá dé pẹ̀lú jíìpù, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó sọ̀rọ̀ títí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dìde.

“Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìbéèrè kékeré kan. Àwọn nọ́ńbà yìí, láti ibo ni wọ́n ti wá?”

Ó dá mi mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. “Láti ẹnu àwọn ará Àgọ́ Àyìn fúnra wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá.”

“Ẹ ṣé. Ẹ bá wa ka ilé kẹrìnlá.”

Ó wo ìwé. “Ilé Ládòkun. Ọ̀kan.”

Bàbá Ládòkun ti fẹ́ sùn lọ. Ó gbórí sókè. “Ọ̀kan kí ni?”

“Ejò, bàbá. Ẹ ní ó bu ẹnìkan jẹ nílé yín.”

Bàbá Ládòkun fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ jókòó dáadáa.

“Èmi? Ẹnu mi yìí? Nínú oṣù wo?”

“Wọ́n kọ Okúdù síbí, bàbá.”

“Okúdù! Kí n tó jẹ iṣu tuntun!” Ó ti dìde, ọ̀pá rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀. “Ta ló fi ejò sí ilé mi?”

“Bàbá, ẹ má bínú, ọmọbìnrin yìí ló kọ ọ́ wá o!” Débọ́lá nàka sí mi. “Òun la rán!”

Ibẹ̀ ni mo ti ń retí rẹ̀ láti ọdún méjì. Mo ṣí Kùránì mi, mo yọ ìwé pátákó jáde, mo fi í lé Baálẹ̀ lọ́wọ́. Baálẹ̀ mọ̀wé. Ó kà á sókè: Sodiqat kọ òdo sí ilé igba ó lé mọ́kànléláàádọ́ta.

“Bàbá Baálẹ̀, ẹ bá mi bi í léèrè. Ọwọ́ ta ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀?”

“Tìrẹ nìyí, Dókítà?”

“Tèmi ni, àmọ́…”

“Èmi kọ igba ó lé mọ́kànléláàádọ́ta, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Mẹ́rìndínlọ́gọ́sàn-án ló kà fún yín lónìí. Ilé márùndínlọ́gọ́rin tó kù dà? Ta ló lọ bá wọn? Dókítà, ìgbà wo lo dé Àgọ́ Àyìn rí?”

Ọjọ́ yẹn ni mo yọ “ẹ” kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi sí i, kò sì tíì padà.

“Àtúnṣe ìṣirò ni,” ni Débọ́lá wí. Òógùn ti bò ó. “Òdo ti pọ̀ jù, kò bá ìlànà mu…”

“Ta ló bẹ̀ ọ́ kó o tún ilé mi ṣe?” Ìyá arúgbó kan ló fọhùn, Àwáwù, opó tó ń gbé létí odò. “Sodiqat, ṣé tèmi wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀, màmá. Ilé kejìdínlógún.”

“Háà! Ó ti pa mí!”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ilé kan tẹ̀ lé èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ki oríkì. Bí mo bá ti dárúkọ ilé kan, àwọn ará ilé náà á dìde. Nígbà tí mo fi dé ogójì, kò sẹ́ni tó jókòó mọ́. Dírébà Débọ́lá ti wọ inú jíìpù, ó sì ti gíláàsì.

Baálẹ̀ na ọwọ́, gbogbo wọn dákẹ́. “Dókítà, o mọ̀wé, ó dára. Ilé onílé lo fi nǹkan sí. Ẹsẹ̀ ni wàá fi rìn ín, ẹnu ni wàá fi kó o. Ọkọ̀ rẹ yóò dúró síbí.” Ó yíjú sí mi. “Sodiqat, ìwọ ni wọ́n bà lórúkọ jẹ́. Kí lo fẹ́?”

“Kí n máa ṣáájú, Bàbá. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, bó bá ti kó ejò rẹ̀ tán, kó fi kún un pé, ‘Sodiqat kò parọ́. Èmi ni mo parọ́.’ Kí ó pariwo.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, gbogbo abúlé sì tẹ̀ lé wa. Ní ilé kìíní ó sọ ọ́ sínú, mo ní mi ò gbọ́. Ní ilé kẹwàá ó bọ́ kóòtù. Ní ilé ogún, bàtà ti bó o lẹ́sẹ̀. Nílé Àwáwù, ìyá náà mú un dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní kó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, òun ò gbà kí ìrù ejò náà ṣẹ́kù sílé òun.

Ní ilé kẹtàlélógójì, Débọ́lá dá mi dúró. “Sodiqat, jọ̀ọ́. Màá kọ lẹ́tà. Màá yọ ìwé yẹn kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, màá fi orúkọ rẹ sí tuntun. Mo ti rí i báyìí, oríṣi méjì ni òdo. Ó tó.”

“Wàá kọ lẹ́tà. Wàá yọ ọ́. Wàá kó abẹ́rẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé Mákánjúọlá, níbi tó yẹ kó wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ò ní ká má rìn. Ilé méjìlélọ́gbọ̀n ló kù.”

“O ò láàánú?”

“Mo ní in tẹ́lẹ̀. O lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó.”

Ilé kẹrìnlélógójì wà lẹ́yìn pápá, oòrùn sì ti gun orí. Ilẹ̀kùn tì, wọ́n ti lọ sóko. Débọ́lá mí kanlẹ̀, ó ti ń yí padà. “Kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Ká máa lọ.”

Mo tẹ́ ìborùn mi síbi òjìji ògiri, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀.

“Tí ò bá sí ará ilé yìí tó gbọ́ ọ, kò tíì kúrò nílé wọn,” mo ní. “Dúró síwájú ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn. Wọn ò ní pẹ́ dé, kò ní ju ìrọ̀lẹ́ lọ.”