Adìyẹ Onílẹ̀mọ́ Pupa

Ọwọ́ méjì ló balẹ̀ sórí adìyẹ yíyan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan jẹ́ ti Màmá Aránṣọ, ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti gún títí tó fi yigbì. Èkejì wọ ìbọ̀wọ́ dúdú tó mọ́ tónítóní. Kò sí èyí tó fẹ́ yọ tirẹ̀ kúrò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Màmá Aránṣọ wí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò pẹ̀lẹ́ rárá.

"Ẹ̀yin náà, ẹ pẹ̀lẹ́," ni oníbọ̀wọ́ dáhùn. Àkẹtẹ̀ ńlá ló dé, ó sì fi awò dúdú bojú bí ẹni tó wá jalè.

Ká sòótọ́, kò yẹ kí Màmá Aránṣọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá yìí rárá lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ti dì í lọ́wọ́ mú nínú ilé ìdáná. "Màmá mi, mo bẹ̀ yín. Lónìí nìkan, ẹ má lọ ra nǹkan onílẹ̀mọ́ pupa. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi tó ń bọ̀ wá bá wa jẹun yìí, ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí." Màmá Aránṣọ sì ṣèlérí. Ẹ̀rù ń ba òun pàápàá. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un ló ń lọ sílé ọ̀gá ilé-ìwé yẹn. Ta ló mọ̀ bóyá wọn ò ní máa wo ọmọ aránṣọ tìkà-tẹ̀gbin níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa ń tètè ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì máa ń lẹ ìlẹ̀mọ́ pupa mọ́ gbogbo ohun tí kò ní í pẹ́ bàjẹ́, láti fi hàn pé wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù. Oúnjẹ ti jinná, ọkọ rẹ̀ ń hanrun lórí àga. Ó ní kí òun kàn yọjú. Ajá tó máa sọnù kì í kúkú gbọ́ fèrè ọdẹ. Kó tó mọ̀, kéèkì onílẹ̀mọ́ pupa ti wà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn tó máa ń dúró de ìlẹ̀mọ́ pupa sì ní òfin tiwọn. Bí òṣìṣẹ́ tó ń lẹ̀ ẹ́ bá ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sáré. Oníkálùkù á yíjú sí páálí wàrà, á máa ka ẹ̀yìn rẹ̀ bíi pé ìdánwò ni òun fẹ́ ṣe. Ó di ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá fi ẹ̀rọ há ìbàdí, tó sì wúkọ́ díẹ̀, kí ọwọ́ tó nà. Òṣìṣẹ́ ti wúkọ́ lónìí. Ìjà adìyẹ ló kù.

"Ní tiwa níbí," ni Màmá Aránṣọ wí, "ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ló ni ín."

"Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa lọ́hùn-ún," ni oníbọ̀wọ́ fèsì, "ẹni tó bá dàgbà jù ló ń mú."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

Obìnrin wo ló máa tìtorí adìyẹ sọ ọjọ́ orí rẹ̀ ní gbangba? Àfi bí ẹ̀rín ṣe bú mọ́ àwọn méjèèjì lẹ́nu, tí wọ́n rín, tí wọ́n sì tún rín. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jọ̀wọ́ adìyẹ.

Oníbọ̀wọ́ nu omijé ẹ̀rín lábẹ́ awò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ọmọ mi ń rọ epo sọ́kọ̀ níwájú níbẹ̀ yẹn. Tọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì ni mo ní mò ń lọ. Ó ti kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ gbé nǹkan onílẹ̀mọ́ lọ sílé àwọn àna wa, bẹ́ẹ̀ èmi ò lè wọlé onílé lọ́wọ́ lásán. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ fẹ́, ọmọ dáadáa ni. Ìyá rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n ní aránṣọ pàtàkì ni, pé tó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó ti rí gbogbo ibi tí aṣọ rẹ̀ kò ti jókòó. Ìbọ̀wọ́ yìí, nítorí tirẹ̀ ni."

Màmá Aránṣọ wo àkẹtẹ̀, ó wo ìbọ̀wọ́. Ó wo etí aṣọ obìnrin náà, tí òwú rẹ̀ ti ń tú lóòótọ́, ó sì yára gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó jọ̀wọ́ adìyẹ.

"Ẹ máa mú un lọ," ló wí. "Ẹ fi èémí gbígbóná fẹ́ ìlẹ̀mọ́ yẹn kí ẹ tó ṣí i. Kò ní í ya." Kí obìnrin náà tó dúpẹ́ tán, ó ti sá lọ sídìí ẹni tó ń gbowó.

Eré ló sá délé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kéèkì sórí tábìlì ni aago ẹnu ọ̀nà dún.

"Màmá mi, ìyá àfẹ́sọ́nà mi nìyí," ni ọmọ rẹ̀ wí.

Àlejò, tí ọmọkùnrin rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, yọ awò kúrò lójú. Ó rí Màmá Aránṣọ. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì tún pa á dé.

"Ẹ káàbọ̀ o, àna wa," ni Màmá Aránṣọ sáré wí. "Háà, adìyẹ tó dáa báyìí! Ẹ mà náwó o."

"Kò tó nǹkan rárá," ni àna dáhùn. Òótọ́ pọ́ńbélé ló sì sọ.

Wọ́n jẹun. Bàbá jẹ itan adìyẹ méjèèjì tán, ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹ ẹ̀ rí i? Ẹran gidi nìyí, kì í ṣe àwọn onílẹ̀mọ́ tí wọ́n máa ń gbé fún mi." Omi tí àna ń mu há a lọ́fun.

Ìgbà tí wọ́n gé kéèkì ni Màmá Aránṣọ rí i: ìlẹ̀mọ́ pupa, wàì, lára páálí abẹ́ kéèkì, ọ̀gangan iwájú ọmọ rẹ̀. Ó parí. Kó tó lè na ọwọ́, àna ti rọra gbé àtàǹpàkò lé e. Ó ń bi nọ́ọ̀sì léèrè nípa iṣẹ́ òru, ó ń fi èékánná họ ìlẹ̀mọ́ náà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ká a sínú àtẹ́lẹwọ́. Nọ́ọ̀sì kò rí nǹkan kan. Àna sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín títí tó fi gbé orí lé e léjìká, irú ẹ̀rín tí kì í rín àyàfi nílé.

Màmá Aránṣọ jókòó, ó ń wo orí yẹn lórí èjìká yẹn. Ó wá rí i pé láti àárọ̀, ìgbà yìí gan-an ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mí kanlẹ̀.

Kéèkì kù ẹyọ kan. Ó gbé e síwájú àna.

"Ní tiyín lọ́hùn-ún," ló sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹni tó bá dàgbà jù ló ń mú."

Àna tì í padà. "Ní tiyín níbí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án."

Àwọn ọmọ ń wò wọ́n, ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn. Àwọn ìyá méjèèjì gbé àwo náà sáàárín, wọ́n sì mú ṣíbí.