Afọjúmọ́tò

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó ké, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ ní alágbára lẹ fẹ́.”

Kàsúmù gbé ẹ̀rọ ńlá náà lé Olúgbénró lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún àlejò. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin ní Agége; irinṣẹ́ tòkunbọ̀ ló kún inú rẹ̀ dé àjà. Olúgbénró kò fi ojú wá bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà, àtàǹpàkò ló fi wá a. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ bú ramúramù, eruku orí tábìlì gbéra, Oyèbọ́lá ìyàwó rẹ̀ fi ìborùn bo imú.

“Èyí gan-an ni,” Olúgbénró wí.

“Bàbá Jọmílójú, ẹ ò tíì wo ìkejì,” Oyèbọ́lá wí.

“Kí ni n ó wò lára rẹ̀? Mo ti gbọ́ ohùn èyí.”

Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tó mọṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ríran dáadáa mọ́ ni, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọmọ Èkìtì ni Olúgbénró. Ojú mọ́tò ló ń fọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Iná iwájú mọ́tò tí oòrùn ti pa títí tó fi ṣú bí omi ògì, òun ni yóò fi omi àti sáńpépà ha á, tí yóò fi ọṣẹ ìfọyín dán an, títí iná náà yóò fi tún máa wo ọ̀nà kedere bí ọjọ́ tó dé láti òkè òkun. Pátákó rẹ̀ wà lórí ògiri náà: AFOJU MOTO. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì kankan sí i, ta ló tilẹ̀ ń fi àmì sí pátákó ní Èkó? Nítorí náà àwọn awakọ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní, “Bàbá Afọ́jú, ẹ kú iṣẹ́ o!” Òun náà a sì rẹ́rìn-ín dá wọn lóhùn pé, “Ẹ pè é dáadáa! Fífọ ni mò ń fọ ojú, n kò fọ́ ojú ẹnikẹ́ni.”

Láti ìgbà òjò ni ẹ̀rín yẹn ti ń korò lẹ́nu rẹ̀. Dókítà tó tan iná sí i lójú ti sọ ọ́ láìfi bò: “Ojú tó bá bá àìsàn yìí lọ kì í padà, Bàbá. Èyí tó kù la óò máa fi oògùn bẹ̀.” Olúgbénró gba oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ó délé, ó sọ fún Oyèbọ́lá pé Àpólò tó ń mú ojú pọ́n ni. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Olúgbénró fi iná sórí òrùlé, ó sùn, ó sì ń hanrun.

Àfi bí iṣẹ́ ńlá ṣe dé. Afeez, ọ̀gá àwọn awakọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, ní kó wá fọ ojú gbogbo bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ wọn, kó sì máa tún un fọ lóòrèkóòrè. “Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ lẹ máa gbé wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè o, Bàbá. Àwọn ọ̀gá mi ò fẹ́ rí ọṣẹ ìfọyín.” Ilé búrẹ́dì tí Oyèbọ́lá ti ń po fúláwà ti kógbá sílé. Iṣẹ́ Ìlúpéjú yìí nìkan ló kù tí wọ́n gbójú lé. Olúgbénró ti gbèrò lọ́kàn rẹ̀ pé ẹ̀rọ tó bá yára jù lòun yóò rà, kóun lè fi ṣe gbogbo èyí tóun bá lè ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Àdúrà àárọ̀ rẹ̀ kò gùn mọ́: “Olúwa, n kò ní kí Ẹ dá ojú yìí padà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó lọ.”

Kàsúmù na ọwọ́ mú ẹ̀rọ kejì, kékeré kan báyìí.

“Ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín. Gíráńdà lẹ gbé dání yẹn, irin ni wọ́n fi ń gé. Ojú mọ́tò ayé ìsinsìnyí kì í ṣe díńgí mọ́, ike ni, èèyàn kì í bá ike jà. Pọ́líṣà gidi lèyí, dídán ni wọ́n fi ń dán nǹkan. Bátìrì ló ń lò, ẹ sì lè dín eré rẹ̀ kù. Kì í pariwo. Bí ìyàwó pásítọ̀ ló rí, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.”

“Ẹ ò tíì pàdé ìyàwó pásítọ̀ tiwa,” Oyèbọ́lá wí, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

Olúgbénró kò rẹ́rìn-ín. “Ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn. Gbé iná mọ́tò àlòkù kan wá kí n fi èyí hàn ọ́.”

Kàsúmù gbé ọ̀kan sórí àpò, ó so fóòmù mọ́ ẹnu gíráńdà. Olúgbénró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó ti ń ṣiṣẹ́, Oyèbọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bó ti máa ń ṣe lẹ́bàá ògiri wọn:

“Àlàmú, ọmọ olókè a-fi-kùrukùru-bora! Ọmọ a-ṣí-aṣọ-lójú-òkè kí oòrùn lè ráyè wọlé! Àlàmú tí í ...”

Oríkì já mọ́ ọn lẹ́nu. Òórùn ike tó ń jóná gba gbogbo ìsọ̀. Nígbà tí Olúgbénró ń fi ọwọ́ ṣe é, àtẹ́lẹwọ́ ló ń sọ fún un pé ibí ti dán, ọ̀hún kù. Ẹ̀rọ kò ní àtẹ́lẹwọ́. Ojú kan náà ló ti dúró sí. Kàsúmù sáré fa wáyà yọ.

Olúgbénró gbé orí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó ti mọ́, àbí?”

Ó na ọwọ́ sí iná náà, ìka rẹ̀ bọ́ sínú ihò tó ṣì ń gbóná.

Kàsúmù jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bo ìtìjú àgbà mọ́lẹ̀. “Kò burú, Bàbá, àlòkù ni. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe gan-an ńkọ́? Ojú wo ló burú jù níbẹ̀, tọ̀tún ni àbí tòsì?”

Olúgbénró rò pé àṣírí ti tú. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀.

“Tọ̀tún ti lọ,” ó wí. “Ó ti lọ pátápátá. Dókítà ní kò ní í padà. Tòsì yìí, bí ẹni ń fi ihò kọ́kọ́rọ́ wo ìta ni, ihò ọ̀hún sì ń kéré sí i lójoojúmọ́.”

Kàsúmù wo Oyèbọ́lá, ó wolẹ̀. “Bàbá ... ti bọ́ọ̀sì ni mo bi yín.”

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lọ, gbogbo irin tó wà nínú ìsọ̀ ń gbọ̀n.

“Àpólò,” Oyèbọ́lá wí.

“Ìyá Jọmílójú ...”

“Àpólò láti ìgbà òjò. Mo tún ń gbààwẹ̀ lé Àpólò lórí.”

“Mo rò pé bí n kò bá pè é, kò ní í dáhùn.”

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn tí ojú rẹ̀ ń lọ, kí ni yóò fi ṣọ́ ọ? Oyèbọ́lá fi etí ìborùn nu ojú, kò pariwo. Kàsúmù yí ẹ̀yìn sí wọn, ó ń kó ẹ̀rọ padà sáyè wọn.

“Má tíì kó wọn,” Olúgbénró wí. “Gbé ìyàwó pásítọ̀ wá.”

Ó gbà á. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó wá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì fi ẹ̀rọ náà sínú rẹ̀.

“Ṣé ó wúwo?”

“Èmi? Èmi tí n kò mọ iṣẹ́ yìí?”

“Ṣé ó wúwo ni mo bi ọ́.”

Oyèbọ́lá gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀. “Kò wúwo tó àpótí búrẹ́dì.”

“Tẹ̀ ẹ́. Rọra. Má jẹ́ kó dúró sójú kan. Máa rìn ín kiri bí ẹni ń fọwọ́ pa inú ọmọ tí inú ń run.”

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé ẹ̀yìn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, wọ́n jọ ń rìn ín kiri ní apá ibi tí kò jóná. Ẹ̀rọ náà ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tó ṣe, Oyèbọ́lá mí kanlẹ̀.

“Ó ń mọ́,” ó wí.

Olúgbénró mi orí. Àfi kó gbà á gbọ́.

Wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré náà. Níta, oòrùn mú, fún Olúgbénró ó dà bí aṣọ funfun tí wọ́n nà síwájú rẹ̀. Oyèbọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú ré gọ́tà kọjá ní ìṣojú gbogbo ayé.

“Ṣé Afeez á gbà kí obìnrin ṣe é?”

“N kò mọ̀.”

“Bí kò bá gbà ńkọ́?”

“Ìyẹn náà, n kò mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n rìn díẹ̀.

“Pátákó wa ńkọ́? Ṣé ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni?”

“Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀,” Olúgbénró wí. “Kò ṣáà lámì. Á gba àwa méjèèjì.”