Agbẹ̀bí Tó Ṣẹ́kù

Ní ọdún 1984, Moríyọ̀, olùkọ́ yunifásítì tó ń ṣèwádìí nípa bí iṣẹ́ ṣe ń tán èèyàn lókun, lọ bá Nọ́ọ̀sì Joanna, agbẹ̀bí àgbàlagbà kan ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré l'Óde Rẹ́mọ. Wọ́n ti dá àwọn nọ́ọ̀sì yòókù dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó wá ku òun nìkan.

Moríyọ̀ bi í pé, "Mà, ta ló ń tọ́jú yín bó bá rẹ̀ yín?"

Joanna rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, èyí ti kọjá kó rẹ èèyàn. Tí ọmọ bá ké báyìí, inú mi kì í dùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í bà jẹ́. Mo kàn ń gé ìwọ́ ni." Omi lé ròrò sí i lójú. "Ìwádìí tí ò ń ṣe yìí, ṣé wọ́n á tìtorí ẹ̀ rán ẹnì kan wá bá mi ṣiṣẹ́?"

Moríyọ̀ fẹ́ parọ́, kò lè pa á. "N ò lè ṣèlérí, mà."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọkùnrin kan fi di ìyàwó rẹ̀ tó ń rọbí mú wọlé. Joanna dìde, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ó ṣubú lulẹ̀. Moríyọ̀ sáré lọ dá takisí dúró, wọ́n sì gbé aboyún náà wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣàgámù.

Moríyọ̀ padà sọ́dọ̀ Joanna, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé wọn, kí dókítà yẹ̀ yín wò."

"Tí ẹlòmíì bá dé ńkọ́?"

Moríyọ̀ jókòó tì í nílẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò pẹ́, aboyún mìíràn yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ìbàdí mú. Joanna tún ń tiraka láti dìde.