Míkísà Tó Ń Há Nǹkan Sórí

Kí n sọ ọ́ tààrà: ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí míkísà yẹn ni mo ti kórìíra rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń to ohùn fún ẹgbẹ́ akọrin Àlàájà Husseinat, ẹni tó ń fi gìtá àti kíbọ́ọ̀dù kọ wákà káàkiri Ìlọrin. Etí mi dá mi lójú. Bí okùn gìtá kan bá dẹ̀ bíńtín, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1998, míkísà wa àtijọ́, ẹ̀rọ tí mo fi ń to ohùn, gbó tán, Àlàájà sì ní ká wá òmíràn.

Èmi fẹ́ èyí tó tóbi, tí bọ́tìnì kún orí rẹ̀ bámúbámú, tí àwọn èrò bá rí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀gá nìyẹn. Mahmud, tó ń ta ẹ̀rọ ohùn l'Ọ́jà Tuntun, kò gbọ́ tèmi. Kékeré kan báyìí ló gbé wá bá wa ní Ṣàngó, nínú yàrá tí a ti máa ń dánra wò.

"Àlàájà, kọ̀ǹpútà ló wà nínú ẹ̀," ló wí. "Ẹ tò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti há a sórí nìyẹn. Tó bá dọjọ́ mìíì, bọ́tìnì kan lẹ máa tẹ̀, gbogbo ẹ̀ á padà sípò. Ẹ ò tiẹ̀ nílò ẹni tó ń jókòó tì í mọ́." Ó bojú wo ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín ìyangì. Èmi tí mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, tí n kò kọ́ṣẹ́ mìíràn, níbo ni wọ́n fẹ́ kí n gbà?

Mo to ohùn náà bó ṣe yẹ, Mahmud ní kó há a. Mo wá fa wáyà rẹ̀ yọ lára iná, pé ká wo bí yóò ṣe gbàgbé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá kí n tó ki wáyà náà bọ iná padà. Àlàájà fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnì. Ohùn padà wá gẹ́lẹ́ bí mo ṣe tò ó.

"Súbúhánálláhì!" Àlàájà pàtẹ́wọ́. "Ó há a lóòótọ́!"

Ọmọ ààfáà ni, ilé kéwú ni wọ́n bí i sí. Ohunkóhun tó bá ti mọ nǹkan há sórí, kíá ni ìfẹ́ rẹ̀ máa ń wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Mahmud fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ pé ká fi ṣe òde kan ná, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá gbọ́ èsì.

Òde náà bọ́ sí Òkè-Òyì lọ́jọ́ Àìkú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wòlímọ̀ fáwọn ọmọ tó parí Kùránì. Inú ń bí mi láti ilé. Bí a ṣe to sípíkà tán, mo ní, "Àlàájà, bó bá jẹ́ pé bọ́tìnì kan ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Mo ń lọ jókòó sábẹ́ igi."

Ó wò mí. "Ó dáa. Lọ jókòó."

Ìdáhùn yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ń fi ìbínú jẹ ẹ̀pà.

Àlàájà tẹ bọ́tìnì, ó la ẹnu. Yéè! Sípíkà han goooro, àwọn ewúrẹ́ tú ká, ìyá àgbà kan fọwọ́ méjèèjì di etí. Gìtá bo ohùn Àlàájà mọ́lẹ̀. Ó tún bọ́tìnì tẹ̀, ìhan kan náà ló tún han. Èmi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Yàrá Ṣàngó ni ẹ̀rọ náà há sórí, yàrá oníbúlọ́ọ̀kù tí kò ju ìwọ̀nba lọ. Kò mọ̀ pé gbangba la wà báyìí, tí atẹ́gùn ń fẹ́.

N kò ní purọ́, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àwọn ọmọ tó wọ aṣọ funfun tí wọ́n dúró, tí wọ́n ń wo ẹnu Àlàájà, tí òógùn bo ojú òun náà, ìtìjú bá mi. Mo da ẹ̀pà nù, mo dìde.

Mo rẹ gìtá sílẹ̀, mo dín ibi tó ń han kù, mo gbé ohùn Àlàájà sókè. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Àlàájà kọrin títí àwọn ìyá àwọn ọmọ náà fi ń nu ojú. Nígbà tó sinmi, ó sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé:

"Ẹ̀yin ará Òkè-Òyì, ẹ má bínú. Ajánásì ni ẹ̀rọ wa yìí. Ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá jókòó tàfúsírù, ajánásì kàn ń ké ẹsẹ Kùránì ni, ààfáà ló ń túmọ̀ rẹ̀. Ajánásì tiwa ti ké tiẹ̀. Ààfáà rẹ̀ ló lọ jókòó sábẹ́ igi!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló fà á.

Lọ́jọ́ Ajé, Mahmud dé. Àlàájà nàka sí mi, ó ní èmi ni kó bi.

"Ẹ̀gbọ́n," Mahmud ń họ orí, "ṣé kí n máa gbé e lọ ni?"

Mo fa aṣọ bo ẹ̀rọ náà kí eruku má bàa bà á.

"Fi í sílẹ̀," ni mo wí. "Ọmọ kéwú mi ni."