Ẹsẹ̀ Tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Pomfrey Fi Ń Tiro

Lọ́yà ni Erastus Pomfrey kó tó lọ sógun. Nígbà tó padà dé sí Ohio ní Amẹ́ríkà, ó ti di kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó sì ń tiro. Àwọn ará ìlú wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n ní, "Ọta ìbọn rèé!" Erastus ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Á kàn mí kanlẹ̀, á wá máa wo ọ̀ọ́kán. Philena ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ òótọ́.

Nígbà tó yá, Erastus ní òun fẹ́ lọ sílé aṣòfin ní Washington. Hosea Tuttle, oníṣòwò aṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló ń bá a du ipò. Lọ́jọ́ ìpolongo ní pápá, Erastus ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóhùn sókè lórí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ nítorí ìlú ni Tuttle bá dìde.

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì, àbúrò mi wà lábẹ́ yín lójú ogun. Ó ní ìbaaka ló ta yín nípàá!"

Òógùn bo Erastus.

"Ọkọ mi," Philena tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ lábẹ́lẹ̀, "ṣé ẹ ó sọ ọ́ ni, àbí kí n bá yín sọ ọ́?"

Erastus kọjú sí àwọn èrò. "Òótọ́ ni. Ọta ìbọn fò kọjá lórí mi láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀kan ò bà mí. Ìgbà tí mo yọ́ lọ jí ápù nínú ẹrù ìbaaka wa ló bínú, ó ta mí, mo fò bí ẹyẹ!"

Ẹ̀rín ti ń sọ níbí, ó ń sọ lọ́hùn-ún. "Ojú ò tiẹ̀ tì yín!" ni Tuttle kígbe.

"Ó tì mí. Ṣùgbọ́n Hosea, ìbaaka yẹn dé ojú ogun. Ìwọ ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ẹlòmíì ni Tuttle háyà kó lọ jagun dípò òun. Ẹ̀rín bú bí àrá. Bàbá arúgbó kan ré lulẹ̀ látorí bẹ́ǹṣì, ó ń pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ká kúkú dìbò fún ìbaaka!"

Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún Erastus pé àyà òun fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó sì wọlé ìbò náà wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó ku díẹ̀ kó gbéra lọ sí Washington ni Tuttle wá kan ilẹ̀kùn, fìlà lọ́wọ́. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló pè é lẹ́jọ́ nítorí ilẹ̀.

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó nílé ẹjọ́. Ẹni tó lè fi ìtìjú wọlé ìbò, òun ni mò ń wá."

Philena ti ń bu kọfí fún un.

"Ṣé o jẹ̀bi?" ni Erastus bi í.

"Pátápátá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òótọ́ náà la máa sọ fún wọn. Jókòó."