Ẹ Fi Ìka Kan Fóònù Lẹ́ẹ̀mejì

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Bàbá yẹn kọ́ ló bí mi o. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ìpè pàjáwìrì, tí mo bá sì ti béèrè pé "Pàjáwìrì, kí ló ṣẹlẹ̀?", kíá ni mo fẹ́ gbọ́ èsì. Ẹ wá wo bí ara ṣe ń ta mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí Alága ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ọ̀nà ìpè orí fóònù ń ka ìlànà sí mi létí, tó ń dúró nu awò ojú rẹ̀ láàárín gbólóhùn kan sí èkejì.

"Ogún ìpè la máa pè sí ọ láti yàrá kejì," ni obìnrin náà wí. "Ìpè àpò wà níbẹ̀, ìpè ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ̀rọ̀. Ìwọ ni wàá yà wọ́n sọ́tọ̀. Tó o bá ṣi ẹyọ kan, a ò fọwọ́ sí i nìyẹn."

"Ẹyọ kan péré, mà?"

"Ẹyọ kan péré."

Ìpè àpò tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, òun ni ọ̀tá wa. Ẹnì kan á ti fóònù bọ àpò, á jókòó lé e, fóònù á sì pè wá fúnra rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójúmọ́! Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣòfin pé tí ẹni tó pè ò bá fọhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ká gé e. Ọ̀nà tuntun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ ò le rárá: kéèyàn tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ fóònù lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìpè á wọlé. Tí a ò bá gbóhùn, a ó ní, "Tí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ fi ìka kan fóònù lẹ́ẹ̀mejì." Tí a ò bá rí èsì, a ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó gé e.

Ẹnjiníà ìgbìmọ̀ ló ta kò ó jù. Bẹ́ẹ̀kọ́ là ń pè é tí ò bá sí nítòsí, torí kò sóhun tẹ́ ẹ máa gbé síwájú rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. "Àtúnsọ yẹn, ìfàkókòṣòfò ni," ló ní. "Ẹni tí kò dáhùn lẹ́ẹ̀kan, ìpè àpò ni." Èsì kan ti dé ẹnu mi tó máa ta á létí, mo gbé e mì.

Mo mọ ohun tí mo mọ̀. Ìyá mi ò lóhùn mọ́ látìgbà tí àwọn dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́nà ọ̀fun. Síléètì kékeré àti ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, wọ́n ṣubú nílé ìdáná, egungun ìbàdí wọn sì sán. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n lò nílẹ̀ kí n tó tibi iṣẹ́ dé bá wọn. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti pe pàjáwìrì ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹnì kan sì ti gé e. Mo búra pé màá wá ẹni tó gé e rí, á sì mọ̀ pé mo wá òun. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí àkọsílẹ̀ ìpè: aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, tábìlì keje. Èmi ni mò ń jókòó sí tábìlì keje. Nọ́ńbà ẹni tó pè kì í hàn sí wa àfi tá a bá ti gbà pé ìpè òtítọ́ ni, mi ò sì mọ̀ pé ìyá mi ni. Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀: ohùn mi, lẹ́yìn náà ìró kan tó ń ha ilẹ̀, ṣàà, ṣàà, ó tán. Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì lè sọ ọ́ fún wọn.

Ìyá mi yìí kan náà ló wá pe àwọn ìpè òtítọ́ fún ìgbìmọ̀. Wọ́n wọ yàrá kejì pẹ̀lú ọ̀pá àti síléètì wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí Bẹ́ẹ̀kọ́, tó fẹ́ pe àwọn ìpè àpò níbẹ̀, bí ẹni tó rí àna.

Mo gbé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí. Ó yá!

Ìpè kìíní: kó, kó. Òtítọ́! Ìkejì: ìró aṣọ. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì, kò séèsì. Àpò! Ìkẹta, òtítọ́. Ìkẹrin, ìró irin ni mo gbọ́: Bẹ́ẹ̀kọ́ kó kọ́kọ́rọ́ sínú àpò pọ̀ mọ́ fóònù kó lè máa dún bí ẹni ń kànkùn. Irú èèyàn wo rèé! Kò dúró ní méjì; àpò, mo ní. Òógùn bò mí. Nígbà tá a fi dé ìkọkàndínlógún, gbogbo ìgbìmọ̀ ti dìde dúró, Alága ti gbàgbé awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Mi ò tíì ṣi ọ̀kan!

Ìpè tó kẹ́yìn wọlé. "Pàjáwìrì, kí ló ṣẹlẹ̀?" Kò sóhùn. "Tí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ fi ìka kan fóònù lẹ́ẹ̀mejì." Nǹkan kan ha, ó dákẹ́. Ìdùnnú ti gbé mi lọ, ìka mi ti dé orí bọ́tìnì tá a fi ń gé e, "àpò" ti wà lórí ahọ́n mi. Mo ti gbàgbé àtúnsọ tí èmi fúnra mi kọ!

Ṣàà. Ṣàà.

Mo mọ ìró yẹn. Mo gbé ìka mi kúrò. Mo rọra sọ ọ́, bí mi ò ṣe sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ rí láyé mi: "Ẹ má kánjú. Mo wà níbí. Ẹ fi ìka kan fóònù lẹ́ẹ̀mejì."

Kó. Ó pẹ́ díẹ̀. Kó.

"Òtítọ́ ni!" mo pariwo. "A ti gbọ́ yín! Ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀!"

Ilẹ̀kùn yàrá kejì ṣí. Bẹ́ẹ̀kọ́ jáde, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun ní kí Màmá dùbúlẹ̀ sórí ẹní bí ẹni tó ṣubú, òun sì gbé fóònù jìnnà sí wọn díẹ̀. Orí ìka ni wọ́n fi ń fà á. "Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnlá kí wọ́n tó lè kàn án," ló wí. "Mẹ́wàá ni òfin wa." Ó yíjú sí Alága. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ fọwọ́ sí i."

Alága gbé òǹtẹ̀, gbà! Ariwo sọ. Mo fò, mo dì mọ́ Bẹ́ẹ̀kọ́, mo tú u sílẹ̀ kíá, mo sáré lọ bá ìyá mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣubú, èmi ni mo gé ìpè yín."

Màmá wò mí. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n kọ ọ́ sí síléètì: "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

Wọ́n fi etí aṣọ nù ún, wọ́n tún kọ: "Ṣé mi ò ní mọ ohùn ọmọ mi ni? Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Mo ní tó bá jáde níbi iṣẹ́, ó ń bọ̀ wálé."

Ẹkún gbọ̀n mí. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tán, wọ́n wá nu síléètì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: "Ṣùgbọ́n o máa ń kánjú jù."

Ẹ̀rín pa mí mọ́ inú ẹkún. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka kàn mí níwájú orí. Kó, kó.

"A ti gbọ́ yín, Màmá," ni mo wí.